Oúnjẹ ọdún àti ohun ìṣeré ọmọdé: ohun tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń bi wá

Ọdún kẹfà rèé tí àwa kan ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kó oúnjẹ àti ohun ìṣeré jọ fún àwọn ìdílé tí Kérésì àti ọdún tuntun bá fẹ́ bá lọ́wọ́ òfo. Tó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, fóònù wa kì í dákẹ́ mọ́. Àwọn ará Arówómọ́lẹ̀, Kínńírá, Sábó, títí dé Ọ̀yọ́, ló máa ń fẹ́ mọ bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ohun tí wọ́n máa ń bi wá nìyí, àti ohun tí a máa ń sọ fún wọn.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sáré wá owó, wọ́n á ra àpò ìrẹsì mẹ́wàá jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó máa wá ẹni tí wọ́n máa gbé e fún. Ibẹ̀ ni ọmọ ìyá ẹni, ọmọ ẹgbẹ́ ẹni àti ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ti máa ń gbà á tán.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mẹ́rin la máa ń gbà: nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ní ilé ìlera àdúgbò, olùkọ́ tó mọ ọmọ tí kì í gbé oúnjẹ wá sílé ìwé, àwọn aṣáájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, àti ìyá tó ń ta èlò oúnjẹ ní ìkóríta. Ẹ má fojú kéré ẹni ìkẹrin yẹn o. Ó ní ìwé pélébé kan tó fi ń kọ àwìn. Ẹni tó ń ra ìrẹsì kóńgò méjì tẹ́lẹ̀ tó wá di ẹni tó ń ra ife kan, tó tún wá di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nítorí gbèsè, ìyá yìí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kì í fi ìwé náà hàn wá, a kì í sì í ní kó fi hàn wá. A kàn máa ń bi í pé, "Ìyá, ta lẹ ò rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Ṣé gbogbo ẹni tó bá ní òun ò ní la máa fún?

Orúkọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ẹnu èèyàn méjì tí wọn ò jọ gbé inú ilé kan náà wá. Ìyẹn ti tó. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni mú lẹ́tà wá, ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni wá máa ṣàlàyé òṣì rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Opó, arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kankan ò sí nítòsí, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn: ìwọ̀nyí ò ṣòro láti rí. Ẹni tó ṣòro láti rí ni ẹni tó wọṣọ tó mọ́ jáde láàárọ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò rẹ̀ nílé. Ọlọ́kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọṣẹ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Bàbá tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí wọn ò sì sanwó fún un. Tó bá jẹ́ ẹni tó lè sunkún jù là ń wò, a ò ní kan irú wọn láéláé.

Kí ló dé tí ẹ kì í pe àwọn èèyàn jọ síbì kan, kí ẹ pín in fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Nítorí pé a ti ṣe é rí, a sì rí ohun tójú wa rí.

Ní ọdún àkọ́kọ́, a ní kí gbogbo ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wá síwájú gbọ̀ngàn kan ní agogo 10 òwúrọ̀. A to àga, a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀. Kí agogo 9 tó lù, èrò tó wà lẹ́nu géètì ti tó ìlọ́po mẹ́ta iye ẹni tí a pè. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ rẹ̀. Ó ti gbé ìlú Tamale ní orílẹ̀-èdè Ghana fún ọdún gbọọrọ, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba Ghana lé wálé ní 1969, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún nígbà náà. Ó wọ ìró àti bùbá aláró, ó we gèlè, ó rìn dé ẹnu géètì. Ó wo ìlà tí a tò wọ́n sí. Ó wo ọmọkùnrin tó ń fi fóònù ya àwòrán. Ló bá yí padà. Mo sáré tẹ̀ lé e, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun, mò ń lọ sílé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé tirẹ̀ lọ bá a. Ó gbà á, ó sì ń súre fún mi títí mo fi jáde sójú títì. Oúnjẹ kan náà ni o.

Orí ló kó wa yọ lọ́jọ́ náà tí ẹnikẹ́ni ò fi fara pa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ní Ìbàdàn, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, ọmọdé 35 ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àríyá ọdún fún wọn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 21, èèyàn 10 kú ní Àbújá níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésì, ọmọdé wà nínú wọn. Oúnjẹ àti ìdùnnú ni wọ́n pe àwọn èèyàn wọ̀nyí sí. Nígbà tí ebi bá pọ̀ nílùú, tí ìròyìn ọ̀fẹ́ bá ti jáde lórí rédíò àti lórí WhatsApp, kò sí géètì tó lè gba iye ẹni tó máa wá. Mi ò lè ronú kan àwọn ọmọ Ìbàdàn yẹn kí ara mi má gbọ̀n. Èyí ni kò jẹ́ kí n gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní "ẹ̀ẹ̀kan náà ni ká tún pè wọ́n".

Ilé dé ilé là ń gbé e lọ báyìí, láàárín agogo 7 sí 9 alẹ́, ní ọjọ́ 20, 21 àti 22 oṣù Kejìlá. Èèyàn méjì nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ilé mẹ́fà péré lálẹ́ kan. Tí a bá kanlẹ̀kùn, a ó kí wọn, a ó gbé e sílẹ̀, a ó sì máa lọ. Ẹ má dúró gba àdúrà gígùn; aládùúgbò máa yọjú.

Àwa fẹ́ ṣe àríyá fáwọn ọmọdé lóòótọ́. Ṣé kò ṣeé ṣe rárá ni?

Ó ṣeé ṣe tó bá kéré. Ẹ fún àwọn òbí ní káàdì tó ní nọ́ńbà àti àkókò, kí àwọn ọmọ má dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá ṣáájú. Kí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ti géètì pa nígbà tí èèyàn wà nínú ọgbà. Ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ wá láìsí àgbàlagbà tó mú un wá. Tí ẹ bá rí i pé èrò ti ń pọ̀ kọjá ohun tí ẹ retí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pípín nǹkan kan.

Kí ló yẹ kó wà nínú àpò oúnjẹ?

Ohun tí ilé náà máa ń jẹ, tí wọ́n sì lè sè. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ṣákálá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Gbogbo èèyàn ló ń sáré ra ìrẹsì nítorí pé ìrẹsì ni oúnjẹ ọdún. Ó dáa. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, Ajílété, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò ti ka ìrẹsì sí oúnjẹ tó ń yóni. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sọ fún wa lójú ara wa pé ìrẹsì tí a gbé wá, àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òun ló jẹ ẹ́, nítorí eyín òun ti tán, ọkà ló sì ń lọ lọ́fun òun. Láti ìgbà yẹn la ti ń béèrè. Ilé tí arúgbó nìkan bá wà, èlùbọ́ la máa ń fi ṣe púpọ̀ nínú tiwọn, a ó sì fi ìrẹsì díẹ̀ lé e fún àlejò.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí a máa ń kó sínú àpò ni ẹ̀wà, gàrí, òróró tó wà nínú ìgò tí wọ́n dé láti iléeṣẹ́ tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC, epo pupa, iyọ̀, magí, tòmátò inú ọ̀rá, àlùbọ́sà, ata gbígbẹ àti ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ. Ilé tí kò lówó oúnjẹ kò lówó ọṣẹ, kò sì sẹ́ni tó máa ń rántí rẹ̀. A tún máa ń fi owó kékeré sínú àpò ìwé fún kẹrosíìnì tàbí èédú, torí ìrẹsì tútù ò ṣeé jẹ.

Ẹ wo ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́ lára gbogbo ohun tó bá wà nínú agolo àti ọ̀rá. Agolo tó bá ti wú, ẹ kó o dànù, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ ò bá tíì pé. Ohun tí ẹ ò lè gbé síwájú ọmọ tiyín, ẹ má gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ilé kan ní ọmọ ọwọ́. Ṣé ká fi mílíìkì ọmọdé sí i?

Rárá, àfi bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà gan-an. Ọmú ìyá nìkan ni ọmọ gbọ́dọ̀ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mílíìkì tí wọ́n bá fi omi tí kò mọ́ pò sì lè ṣàkóbá fún un. Ìyá ni kí ẹ fún lóúnjẹ. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà: kí ó jẹun dáadáa, ọmọ á rí tiẹ̀ mu.

Báwo la ṣe máa mọ iye àpò ìrẹsì tí a máa rà?

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Kóńgò kan ìrẹsì tó kún gúngún kò jìnnà sí kílò kan àtààbọ̀, nítorí náà àpò kan tó jẹ́ kílò 50 máa fún yín ní bíi kóńgò 33. Kóńgò 32 làwa máa ń fi ṣírò, torí díẹ̀ máa ń dà sílẹ̀.

Ká sọ pé ilé 60 ló wà nínú ìwé yín. Nínú wọn, 20 jẹ́ ilé ẹni kan tàbí méjì, 25 jẹ́ ilé ẹni mẹ́ta sí márùn-ún, 15 sì jẹ́ ilé tí èèyàn ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ilé kékeré ní kóńgò 2, ilé àárín ní 4, ilé ńlá ní 6. Ìyẹn jẹ́ 40 àti 100 àti 90, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 230. Àpò 7 kò tó, 8 ni kí ẹ rà. Kóńgò 26 máa ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín. Ẹ má pín in tán, ẹ máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Kóńgò kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan náà sì máa wọ̀n ọ́n. A ti rí i pé ọwọ́ méjì kì í wọn nǹkan bákan náà.

Ìgbà wo ló yẹ ká rà á?

Kí oṣù Kejìlá tó dé. Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tuntun máa ń ti oko dé, tó bá sì ti ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésì, iye tí àwọn ọlọ́jà máa pè á yàtọ̀. Ẹ ra àwọn ohun gbígbẹ tẹ́lẹ̀. Àlùbọ́sà, ata àti ẹran ló máa ṣẹ́ kù fún ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹran ńkọ́? Kò sí iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹran inú yìnyín kì í pẹ́ bàjẹ́.

Adìyẹ alààyè. Kò nílò fíríìjì, ó lè wà lábẹ́ agbọ̀n di ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọ á sì ti máa fún un lóúnjẹ, wọ́n á máa pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ilé tó bá jẹ́ Mùsùlùmí lè pa á fúnra wọn ní ìlànà ẹ̀sìn wọn, ọkàn wọn á balẹ̀. Ilé tí ẹnì kan péré wà, ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin ti tó fún un. Arúgbó ò ní máa lé adìyẹ kiri.

Ṣé a lè fún Mùsùlùmí ní oúnjẹ Kérésì?

Ní ìlú tí ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ́ Múfútáù tí àbúrò ń jẹ́ Samuel nínú agbo ilé kan náà? Oúnjẹ àdúgbò ni, ebi ò sì béèrè ibi tí èèyàn ti ń gbàdúrà. Idaji ìgbìmọ̀ wa ló ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ohun tí kò bá bójú mu fún ẹ̀sìn kan, bí ọtí àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kì í sí nínú àpò ẹnikẹ́ni.

Bí Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ bá dé, ìwé orúkọ kan náà la máa ń gbé fún àwọn tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Sàká Ìtúnu Ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí ìrun Yídì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìwé tó ti wà nílẹ̀ máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Ní Iléyá pàápàá, ìpín aláìní wà nínú ẹran àgbò. Ẹ kàn ní láti sọ ibi tí aláìní ń gbé.

Ibo ni ká kó oúnjẹ pamọ́ sí?

Inú yàrá gbígbẹ tí eku ò lè wọ̀. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì kan ògiri. Ẹ bu gàrí àti èlùbọ́ sínú ike tó ní ìdérí tó le. Mi ò fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré rárá: ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ ni ibà Lassa fi máa ń ràn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ ìgbà tí a ń kó oúnjẹ ọdún jọ gẹ́lẹ́, ni àìsàn náà máa ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Àpò tí eku bá ti gé, ẹ má gbọn ìgbẹ́ eku kúrò kí ẹ tún pín in. Ẹ kó o dànù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tún wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń da apakòkòrò olómi sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra pé májèlé ni. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà láti oko, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ẹnu, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ ò ní rí atẹ́gùn mí.

Irú ohun ìṣeré wo ló dáa?

Bọ́ọ̀lù. Bí owó yín bá kéré, bọ́ọ̀lù ni kí ẹ rà, torí pé bọ́ọ̀lù kan máa ń kó ọmọ mẹ́wàá jọ. Ọmọláńgidi, lúdò, okùn tí wọ́n fi ń fò, ìwé àwòrán pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù, mọ́tò onípákó. A ní kí káfíńtà kan ládùúgbò bá wa fi pákó tó ṣẹ́ kù gbẹ́ ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, àwọn bàbá àgbà sì rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọmọ wọn. Ẹ má sì gbàgbé dígí ojú aláwọ̀ mèremère àti aago ọwọ́ oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà bí ọdún bá ń bọ̀. Àgbàlagbà lè ní kò wúlò. Ọmọ tí kò ní in lọ́jọ́ Kérésì nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ tiwọn jáde mọ iye tó tó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fún un ní ohunkóhun tó ní ẹ̀yà wẹ́wẹ́. Ẹ mú páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù. Ohun tó bá lè wọ inú rẹ̀ lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì ló burú jù. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Ohun ìṣeré tó ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ò ní ìdè, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó. A kì í pín ìbọn oníke, a kì í sì í pín báńgà.

Ṣé a lè gba ohun ìṣeré àlòkù?

Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá pé tí kò sì ya. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Lúdò tí kò ní dáìsì kì í ṣe lúdò mọ́.

Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ńkọ́?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Láti ọdún 11 sí 15 ni àwọn tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé, wọ́n ti dàgbà ju ọmọláńgidi lọ, wọn ò sì tíì dàgbà tó láti má retí nǹkan kan. Báàgì ilé ìwé, mátísẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù aláwọ, ìpara àti kóòmù, páàdì fún àwọn ọmọbìnrin (nínú ọ̀rá dúdú, ẹ jọ̀ọ́). Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ ilé, kì í ṣe "ọmọ mẹ́rin" lásán.

Ta ló yẹ kó fún ọmọ ní ohun ìṣeré náà?

Bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀. Èyí jẹ mí lógún ju ohun gbogbo lọ.

A máa ń tẹ́ ohun ìṣeré sórí tábìlì ní yàrá kan lálẹ́, àwọn òbí á wá mú un ní méjì méjì, kò sí ọmọ níbẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ọmọ wọn fẹ́. Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kejì, ọlọ́kadà kan dúró níwájú tábìlì náà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé mọ́tò, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ kún un. Nígbà tó tó àkókò láti lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù náà sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dókè, ikùn rẹ̀ wá yọ gọ̀ǹgọ̀. Ó ní òun máa lọ fi í pamọ́ sókè àjà títí di ọjọ́ 25. Ọmọ náà ò mọ̀ pé ibì kankan ni bọ́ọ̀lù ti wá yàtọ̀ sí ọwọ́ bàbá òun, kò sì sídìí tó fi gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ibo ni owó àti oúnjẹ ti máa ń wá?

Inú àdúgbò ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn obìnrin ọjà wa dá àjọ oúnjẹ ọdún sílẹ̀: ẹni kọ̀ọ̀kan ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún tiwọn, wọ́n sì fi ọwọ́ kan kún un fún àwọn tí kò lè dá. Àgbẹ̀ máa ń fún wa ní iṣu tàbí àgbàdo, a kì í kọ èyí tó kéré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń kó kúrò ní yàrá máa ń fi gàrí, ìkòkò, ìwé àti aṣọ sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn onílé wọn kí wọ́n tó kó o dànù. Àwọn ọmọ ìlú tó ń wálé fún ọdún láti Èkó, Jọ́ọ̀sì àti òkè òkun máa ń fẹ́ ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ọjọ́ 24 ni wọ́n ń dé. Ẹ bá wọn sọ ọ́ láti oṣù Kẹsàn-án.

Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú owó?

Kì í wọ àkáǹtì ẹnì kan. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ti ní àkáǹtì tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ la ń lò. Èèyàn mẹ́ta ló ń buwọ́ lùwé, méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Gbogbo rìsíìtì là ń yà ní fọ́tò tí a ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó. Ohun tí kò ní rìsíìtì, bí owó alábàárù àti epo pẹtiróòlù oníkẹ̀kẹ́, ẹni méjì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún kẹta, owó kan ò bá ìwé mu. Ẹni tó gbà á ò jí i, ó kàn gbàgbé láti kọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin la fi ń parí ìjà ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rẹ́ méjì ò sì tíì padà rẹ́ dáadáa.

Àwọn tó dáwó fẹ́ rí fọ́tò. Kí la máa fún wọn?

Fọ́tò àpò ìrẹsì. Fọ́tò tábìlì ohun ìṣeré. Fọ́tò àwa tí à ń wọn ẹ̀wà tí eruku bò wá lórí. Ojú ẹni tó gbà á kì í sí níbẹ̀, ojú ọmọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàápàá kì í sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í kú; ọmọ tí ẹ yà lónìí pẹ̀lú kóńgò ìrẹsì lọ́wọ́ máa wá iṣẹ́ lọ́la, ó máa fẹ́yàwó lọ́la.

Ẹnì kan ti gba owó rẹ̀ padà rí nítorí èyí. A dá a padà fún un, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóṣèlú kan fẹ́ fún wa ní àpò ìrẹsì tó ní àwòrán rẹ̀ lára.

Ẹ gba ìrẹsì, ẹ tú u sínú ọ̀rá tí kò ní àwòrán. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ kó tó gbé e wá. Bí kò bá gbà, kó gbé e padà.

Àwọn tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ń kanlẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ 23. Kí la máa ṣe?

Kóńgò 26 tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àpò nìyẹn. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣèlérí ohun tí ẹ ò ní. Ẹ bù fún wọn, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

A gbọ́ pé ẹnì kan ta ìrẹsì tí a fún un.

Tirẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, a wádìí ọ̀kan rí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fi owó rẹ̀ rà fún ìyá rẹ̀. A ò wádìí ẹlòmíràn mọ́.

Báàgì tí a fi gbé oúnjẹ lọ, ṣé ká gbà á padà?

Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa padà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí báàgì lẹ́nu ọ̀nà yín ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó ká a pamọ́. Ní ọdún tó kọjá, méjì padà wá bá wa. Ilá gbígbẹ ló wà nínú ọ̀kan. Èkejì kún fún èso kajú, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, ìgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. A ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. A jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, a jẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ fi kán sí wa láṣọ.